Ta ló bi Ariadne?

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó di àìsàn sí mi lára.

Ní Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá kí mi láti Ìbàdàn lọ sí National Gallery ní London. (Ọ̀fẹ́ ni, òjò sì ń rọ̀.) A dúró níwájú àwòrán Bacchus, òrìṣà ọtí wáìnì, àti Ariadne, tí Titian, ayàwòrán ará Ítálì, yà. Ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa di àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, pé bí Bacchus ṣe fojú kan ọmọ yìí báyìí ló bẹ́ jáde látinú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ń rẹ́rìn-ín sí i. Inú bí mi.

Ìfẹ́ wo? Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Gíríìkì, ọmọ ọba Crete ni Ariadne. Òun ló fún Theseus, akọni ará Athens, ní òwú tó ń tú sílẹ̀ bó ṣe ń wọ ilé tó lọ́jú pọ̀ tí Minotaur, abàmì ẹ̀dá olórí màlúù, ń gbé lọ, tó sì tọ̀ jáde lẹ́yìn tó pa á tán. Minotaur tó pa yẹn, ọmọ ìyá Ariadne ni o! Kí wá ni èrè rẹ̀? Theseus já a sílẹ̀ lójú oorun ní erékùṣù Naxos, ó bá ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ náà ṣì wà nínú àwòrán, lápá òsì, ó ti kéré bí èékánná. Ọwọ́ ọmọ yìí ṣì nà sí i nígbà tí ọkùnrin tí kò mọ̀ rí já lù ú, tòun ti cheetah méjì, àwọn ọ̀mùtí, ẹnì kan tó fi ejò wé ara, àti ọmọdé ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ tó ń wọ́ orí màlúù nílẹ̀. Ìwọ wo ara rẹ níbẹ̀.

Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n yà á? Alfonso d'Este, olórí ìlú Ferrara ní Ítálì, fún yàrá ara rẹ̀. Raphael, ayàwòrán mìíràn, ló kọ́kọ́ bẹ̀ níṣẹ́. Ìyẹn kú ní 1520, ló bá di ti Titian, tó parí rẹ̀ ní 1523. Ìyàwó Alfonso ńkọ́? Lucrezia Borgia, ọmọ Póòpù (ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́). Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fà á fọ́kọ. Nígbà tí ọkọ yẹn ò wúlò fún bàbá rẹ̀ mọ́, wọ́n tú ìgbéyàwó ká. Wọ́n pa ìkejì. Alfonso ni ìkẹta, ní 1502. Ní 1519, ìbímọ ló gbẹ̀mí rẹ̀, ẹni ọdún 39. Ta ló bi òun náà?

Wọ́n á ní mò ń fi ojú òde òní wo ayé àtijọ́. Ojú ta ni kí n fi wò ó, ti Alfonso?

Gbogbo èyí ni mo rò fún ẹ̀gbọ́n mi níwájú àwòrán yẹn. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tán, wọ́n wá nàka sókè. "Àwọn ìràwọ̀ tó ṣe róbótó yẹn ńkọ́?"

Mo ní adé Ariadne ni, Bacchus ló sọ ọ́ di ìràwọ̀ fún un.

"Èyí tó wọkọ̀ lọ yẹn, kí lòun fún un?"

Mo dákẹ́.

"Ọwọ́ rẹ̀ lo ń wò. Wo ojú rẹ̀. Ṣé ọkọ̀ ló kọjú sí?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fẹ ojú ọmọ yẹn lórí fóònù mi. Láàárọ̀, ẹ̀rù ni mo rí níbẹ̀. Lálẹ́ àná, kò dá mi lójú.