Jíípù tòkunbọ̀ wo ló lè wọ Igbó Ọ̀yọ́ Àtijọ́ nígbà òjò?

Arìnrìnàjò: Ẹ kú ìjókòó o. Àwa mẹ́rin la fẹ́ máa wọ Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Àtijọ́ láti ẹnu ọ̀nà Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ká sì tún máa gba àwọn ọ̀nà ilẹ̀ pupa ẹ̀yìn Ìgbòho àti Kìṣí, lóṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án. Mẹ́rin ni mo rí tówó mi ká, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn: Toyota 4Runner 2006 oní-V6, Lexus GX470 2006, Nissan Pathfinder 2008, Toyota Highlander 2008. Èwo ni kí n rà?

Bàbá Jíà: 4Runner. Kí ló tún kù? Ẹ́ńjìnnì lítà 4.0 yẹn, ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì tí a ní láti máa pààrọ̀. Orí ṣáásì gidi, irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀, ni wọ́n gbé ara rẹ̀ kà. Páàtì rẹ̀ sì kún Ládípọ̀ fọ́fọ́.

Ọmọ Òkè-Ògùn: Ó ku nǹkan o, Bàbá. Púpọ̀ nínú 4Runner tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í lọ. Ara òde kan náà, orúkọ kan náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ iwájú rẹ̀: bí kò bá rí dífù (àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà) láàárín táyà iwájú méjèèjì, tí kò sì rí ṣáàfùtì tó ti abẹ́ jíàbọ́ọ̀sì lọ síwájú, kì í ṣe fọ́ọ̀-wíìlì. Nínú ọkọ̀, kókó yíyí tó ń gbé e sí 4L gbọ́dọ̀ wà, ìyẹn jíà kékeré tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà pẹ̀lú agbára púpọ̀ àti eré díẹ̀. Báàjì "4x4" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni lè rà á lọ́jà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ GX470. Kò sí èyí tí kì í ṣe fọ́ọ̀-wíìlì nínú wọn. Ìgbà gbogbo ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ó ní 4L, ó sì ní bọ́tìnnì tó ń ti dífù àárín pa, kí agbára má baà sá lọ síbi táyà tó ń yí lófo. Toyota Prado lásán ni, aṣọ olówó ni wọ́n wọ̀ fún un.

Aṣírò-owó: Aṣọ olówó, ikùn olówó! Ẹ́ńjìnnì V8 lítà 4.7 ni. Ní ọ̀nà títì pàápàá, ẹ ṣírò lítà 16 fún 100 kìlómítà. Táńkì lítà 87 á gbé e tó bíi kìlómítà 540. 4Runner oní-V6 á jẹ bíi 14, ìyẹn 620. Tó bá wá di inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú 4L, ẹ gbàgbé ìṣirò yẹn. Ó sì ní bẹ́líìtì.

Ẹ tiẹ̀ dá mi lóhùn: kí ló ṣe Highlander? Ilẹ̀ pupa tó gbẹ, táyà tó dáa àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló ń fẹ́.

Ọmọ Òkè-Ògùn: Tó gbẹ, ẹ ti wí i. Oṣù kẹsàn-án ni ẹni tó ń rìnrìn àjò bi wá nípa rẹ̀. Ilẹ̀ pupa tí òjò pa máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, ibi tí ọ̀nà ti dagun lọ sínú odò kékeré ló sì ti ń yọ̀ jù. Níbẹ̀, 4L ló ń di ọkọ̀ mú, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn, ẹ ò ní fọwọ́ kan bíréèkì. Highlander kò ní 4L. Bíréèkì lẹ ó tẹ̀, táyà á dúró, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ.

Aṣírò-owó: Mo gbà. Pathfinder ńkọ́? Èyí tó bá jẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì nínú rẹ̀ ní 4L, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti Toyota lọ dáadáa.

Bàbá Jíà: Ó ní ìdí tó fi fúyẹ́. Pathfinder 2005 sí 2010, inú rédíétọ̀ ni wọ́n fi ohun tó ń tu ọ́ìlì jíàbọ́ọ̀sì lára sí. Ó máa ń là níbẹ̀, omi á sì wọnú ọ́ìlì jíà, á dà bíi tíì oní-mílíìkì. Lẹ́yìn náà, àwọn púléètì inú jíàbọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ẹ ó kọ́kọ́ rí i pé ọkọ̀ ń gbọ̀n bí jíà bá ń yí. Nígbà yẹn, ó ti pẹ́ jù.

Kò burú bí ẹ bá fẹ́ rà á. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan pupa ń léfòó lórí omi. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jíà yọ, kí ẹ fi ìnuwọ́ funfun nù ún. Bí méjèèjì bá mọ́, kí ẹ tó rin ìrìnàjò kankan, ẹ so ìtutù ọ̀tọ̀ mọ́ iwájú, kí ọ́ìlì jíà má gba inú rédíétọ̀ kọjá mọ́ rárá. Ẹ fi owó ìyẹn kún owó ọkọ̀, kí ẹ tó sọ pé ó fúyẹ́.

Ti GX náà rèé. Ní máìlì 90,000 ni wọ́n ń pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀, máìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kò sì ṣeé gbára lé. Ọjọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi àti àwọn róólà tó ń na bẹ́líìtì, torí ibì kan náà ni wọ́n ń tú. Ẹ̀yìn rẹ̀, àpò atẹ́gùn ló dúró lé. Rọ́bà yẹn máa ń sán, ẹ̀rọ tó ń fún un ní atẹ́gùn á wá máa ṣiṣẹ́ láìdúró títí á fi jóná. Sípíríǹgì irin ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ìyá Alátáyà: Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ́ńjìnnì, ẹ ò tíì dárúkọ táyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 265/65R17 ló wọ GX yẹn, ó sì wọ ọ̀pọ̀ 4Runner ọdún náà. Táyà A/T, tó wà fún títì àti igbó, ni kí ó rà, kì í ṣe táyà títì lásán. Kó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn kóòdù DOT tó wà lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti lé lọ́dún mẹ́fà, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó, kò gbọdọ̀ wọ igbó. Tó bá dé ẹrẹ̀, kó dín atẹ́gùn kù láti PSI 32 sí 20, kí táyà lè fẹ̀ kó sì gbálẹ̀. Kó má gbàgbé ẹ̀rọ tí yóò fi fẹ́ ẹ padà: táyà tó rọ̀ lórí títì máa ń gbóná títí á fi bẹ́. Pákó nípọn kan pẹ̀lú, jáàkì kì í dúró lórí ẹrẹ̀. Ó ku okùn fífà, inú ìkọ́ tó wà lára ṣáásì nìkan ni kó ti so ó. Tó bá so ó mọ́ bọ́ọ̀lù tírélà, bọ́ọ̀lù yẹn lè já, á sì fò bí ọta ìbọn.

Arìnrìnàjò: Mà á, ẹ ṣé. Tí a bá dé odò ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Ògùn: Kí ẹnì kan kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ kọjá pẹ̀lú ọ̀pá. Tó bá kọjá orúnkún tàbí tó bá ń ti ẹsẹ̀ yín, ẹ padà. Tó bá rọrùn, 4L, jíà kìn-ín-ní, ẹ máa lọ jẹ́jẹ́ láìdúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má tún sítáàtì rẹ̀! Omi kì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn, ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ló máa tẹ̀. Ẹ fà á jáde ná. Lẹ́yìn odò, ẹ yẹ ọ́ìlì dífù wò. Tó bá funfun, omi ti wọ̀ ọ́.

Arìnrìnàjò: Ó dà bíi pé 4Runner ni mo ń lọ wò lọ́jọ́ Sátidé, tó bá jẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì lóòótọ́.

Bàbá Jíà: Mú òòlù kékeré àti tọ́ọ̀ṣì dání. Kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá òkè táyà ẹ̀yìn. Ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń rọ̀ ní Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin. Ibi tó bá dún gbọ̀ù dípò kó dún kó, ó ti jẹrà, ọ̀dà dúdú tuntun sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Dúró lójú kan, gbé jíà sí N, yí kókó sí 4L. Iná rẹ̀ á ṣẹ́jú díẹ̀, á dúró. Bí kò bá dúró, mọ́tò tó ń yí i ti gan nítorí àìlò. Àárọ̀ kùtù ni kó o lọ, kó o sì fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó o tó kí ẹnikẹ́ni. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti sítáàtì rẹ̀ kó o tó dé, àléébù tó ń hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù kò sì ní hàn sí ọ. Sọ fún wọn pé wàá padà wá lọ́la.