Kì í ṣe iwájú ni kí ẹ máa kó táyà tó dáa jù sí

Ẹ gbé táyà tuntun méjì dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, kò ní bi yín kó tó ti jáàkì bọ abẹ́ iwájú ọkọ̀. "Ọ̀gá, iwájú ni sítíárìn wà. Bí táyà iwájú bá bẹ́, ó parí nìyẹn." Dẹ́rẹ́bà gbà bẹ́ẹ̀, ọlọ́kọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá lórí píkọ́ọ̀pù bíi Hilux.

Ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn ni mo ti gbọ́n, nínú òjò. A ti já iṣu ní Bódìjà, ọkọ̀ ṣófo. Táyà iwájú ṣì tuntun, tẹ̀yìn ti ń dán. Ní kọ́nà kan, mo rọra tẹ bíréèkì, àfi bí ìdí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gba iwájú mọ́ mi lọ́wọ́. Sítíárìn tí mo dì mú kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Inú koríko la bá ara wa. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ẹ wò ó: ẹ́ńjìnnì wà níwájú, àwa tá a jókòó náà wà níwájú. Bí ẹrù ò bá sí lẹ́yìn, ìdí píkọ́ọ̀pù á fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ló ń ti ọkọ̀ lọ. Àwọn ihò ojú táyà ni omi ń gbà sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti jẹ tán, orí omi ni táyà ń gùn, kì í ṣe ọ̀dà mọ́. Tí iwájú bá yọ̀, ọkọ̀ á kàn fẹ́ máa lọ tààrà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ ó dẹwọ́ eré, lọ́pọ̀ ìgbà á tún di ilẹ̀ mú. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀, kí ẹ tó mọ̀, ó ti yí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe táyà, Michelin wà lára wọn, fi ń sọ pé bí ẹ bá ra méjì, ẹ̀yìn ni kí ẹ kó wọn sí.

Mi ò fojú kéré táyà tó bẹ́ níwájú o. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tí kò tó, àpọ̀jù ẹrù àti ọjọ́ orí ló sábà ń bẹ́ táyà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù DOT tó wà lára rẹ̀, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tókùnbọ̀ tó ti gbó ò yẹ níwájú, kò yẹ lẹ́yìn.

Ohun tó yẹ ká máa ṣe gan-an ni pé ká máa pààrọ̀ àyè àwọn táyà kí wọ́n lè jọ máa jẹ. Kọ́nà ló ń jẹ etí ti iwájú. Àárín tẹ̀yìn ló sábà ń jẹ, tí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ kún un nítorí ẹrù, tí ẹ wá ń sáré lófìfo. Tó bá ti tó kìlómítà 8,000 sí 10,000, ẹ gbé méjèèjì ẹ̀yìn wá síwájú tààrà, ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì. Ẹ wá gbé ti iwájú sọdá sẹ́yìn, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún. Èyí tó bá ní àmì ọfà lára kò gbọdọ̀ sọdá. Iwájú sí ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ni tirẹ̀. Tí ìkarùn-ún tó so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ bá bá wọn dọ́gba, ẹ mú òun náà wọ inú ìyípo.

Tí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀ jù láàárín wọn, ẹ má pààrọ̀ mọ́: kí èyí tó dáa wà lẹ́yìn títí ẹ ó fi ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí táyà kan bá ń jẹ ní etí kan ṣoṣo, alignment (títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó tọ́) ló ń ké pè yín, pípààrọ̀ ò lè wò ó sàn.

Lẹ́yìn pípààrọ̀, ẹ tún afẹ́fẹ́ wọn wọ̀n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára òpó ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, torí ti iwájú àti tẹ̀yìn kì í sábà dọ́gba. Ẹ fi sípánà mú nọ́ọ̀tì le ní ìdojúkọ-dojúkọ (tí ẹ bá mú ọ̀kan, èyí tó dojú kọ ọ́ ló kàn), kì í ṣe yípo, kí ẹ sì tún sípánà kàn wọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà.