Nọ́ńbà ńlá ojú mẹ́mọ́rì káàdì kọ́ ni ìyára tí kámẹ́rà yín nílò

Nígbà tí kámẹ́rà bá ń gba fídíò, ṣe ló ń kọ nǹkan sínú mẹ́mọ́rì káàdì. Kò ka nǹkan kan níbẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. A bá káàdì méjì lórí àtẹ, wọ́n kọ 80 MB/s (mẹ́gábáìtì ọgọ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí ọ̀kan, wọ́n kọ 120 MB/s gàdàgbà sí èkejì. A mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù, ọkàn wa sì balẹ̀ pé wàhálà fídíò 4K, irú èyí tó mọ́ kedere gan-an, ti tán.

Ohun tí èmi náà gbà gbọ́ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ kan níbi ìgbéyàwó, bí ọkọ àti ìyàwó ṣe ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ara wọn lọ́wọ́, kámẹ́rà mi dá iṣẹ́ dúró, ó kọ ọ́ sójú pé káàdì náà kò yára tó. Ẹ̀jẹ́ yẹn ò sí nínú fídíò wọn títí dòní, ó sì ń dùn mí. Káàdì náà kì í ṣe ayédèrú. Nígbà tí mo kó fídíò yòókù sórí kọ̀ǹpútà, eré tí wọ́n kọ sí i lójú ló sá. Òótọ́ ni 120 MB/s náà, àmọ́ ìyára kíkà ni, ìyẹn bí a ṣe lè tètè kó nǹkan jáde nínú káàdì tó. Ìyára kíkọ ni mo nílò, n ò sì wò ó.

Kíkọ máa ń pẹ́ ju kíkà lọ nínú káàdì, ó sì nídìí. Inú rẹ̀ kún fún àwọn yàrá tíntìntín tó ń di iná mànàmáná mú. Tó bá fẹ́ kà, yóò kàn wo bí iná inú yàrá ṣe pọ̀ tó ni. Tó bá fẹ́ kọ, ó ní láti ti iná wọlé díẹ̀díẹ̀, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti tó. Bí nǹkan àtijọ́ bá wà níbẹ̀, kò lè kọ tuntun lé e lórí. Àfi kó kọ́kọ́ pa odindi agbo yàrá rẹ́. Ọ̀pọ̀ káàdì tún ní apá kékeré kan tó yára gan-an, tí nǹkan máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Bí apá yẹn bá ti kún, eré á wálẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdánwò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fi lè tàn yín jẹ: káàdì á sáré níbẹ̀rẹ̀, á wá rọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ fídíò kì í dúró dè é.

Àwọn àmì kéékèèké tí a kì í kà ló ní ìdáhùn. SD Association, àjọ tó ń ṣe òfin káàdì SD, irú mẹ́mọ́rì káàdì tí à ń sọ yìí, ló gbé wọn kalẹ̀: nọ́ńbà inú C, nọ́ńbà inú U, àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé V, èyí tó dé lọ́dún 2016. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, ìyára kíkọ tó kéré jù tí káàdì ṣèlérí. C10 jẹ́ 10 MB/s. U1 náà jẹ́ 10, U3 jẹ́ 30. V30 jẹ́ 30, V60 jẹ́ 60, V90 jẹ́ 90. Ẹni tó fẹ́ rìn látàárọ̀ dalẹ́, a kì í fi eré ìṣẹ́jú kan wọ̀n ọ́n.

Ohun tó tún ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé òṣùwọ̀n kámẹ́rà yàtọ̀ sí ti káàdì. Bíìtì ni kámẹ́rà ń kà, ó ń kọ ọ́ ní Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Báìtì ni káàdì ń kà, wọ́n ń kọ ọ́ ní MB/s. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Kámẹ́rà mi ń gba 4K ní 100 Mbps. Ẹ fi 8 pín in, ó di 12.5 MB/s. U1 ni káàdì tó já mi kulẹ̀ yẹn, 10 péré ló ṣèlérí. Ìṣirò yìí kan náà lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó asán: ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ kò kọjá 100 Mbps kò nílò V90 rárá, V30 tó o, ó tún ṣẹ́kù. Ẹni tó ń gba 400 Mbps, ìyẹn 50 MB/s, V60 ni kó wá.

Ẹ má ṣi àmì I tàbí II mú fún U1. Nọ́ńbà Róòmù yẹn ń sọ bí ọ̀nà tó wà láàárín káàdì àti ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó ni, UHS sì ni orúkọ ọ̀nà náà: UHS-I dé 104 MB/s, UHS-II dé 312. Pé ọ̀nà fẹ̀ ò ní kí ọkọ̀ orí rẹ̀ yára. Káàdì UHS-II ní ìlà irin kejì lẹ́yìn. Bí kámẹ́rà yín ò bá ní irin tó máa kàn án, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n eré UHS-I ló máa sá. (UHS-I ni káàdì tèmi, síbẹ̀ 120 ju 104 lọ. Ọ̀nà àrà ọ̀tọ̀ kan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é dá sílẹ̀ ló fi débẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń kó fídíò sórí kọ̀ǹpútà mọ ọ̀nà náà, kámẹ́rà mi ò mọ̀ ọ́n.) A1 àti A2 wà fún áàpù orí fóònù, ẹ fojú fò wọ́n. Bí ẹ bá sì rí 633x, 1x jẹ́ 150 kílóbáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti ayé CD, nítorí náà bíi 95 MB/s ni, kíkà ló sì sábà máa ń jẹ́.

Nọ́ńbà ńlá náà wúlò nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí ẹ fẹ́ kó fídíò 60 GB sórí kọ̀ǹpútà. Ní 120 MB/s, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lé díẹ̀ ni. Ní 30, ó ti lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìlérí àmì kékeré náà ò sì dúró bí inú káàdì bá rí játijàti. Bí a ṣe ń pa fáìlì rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àyè á kù ní wẹ́wẹ́ káàkiri. Bí mo bá ti kó nǹkan jáde, tí mo sì rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ pé, inú kámẹ́rà ni mo ti ń fọ́ọ́màtì káàdì. Bí mo bá sì ra káàdì tuntun, tí iṣẹ́ pàtàkì ń bọ̀, màá gbé kámẹ́rà sí ìpele tó ga jù, màá tẹ̀ ẹ́ kó máa gbà, màá sì jẹ́ kó máa gbà lọ títí káàdì náà á fi kún.