Ẹni tó fẹ́ràn Data kò jẹ ilé iṣẹ́ AI ní gbèsè

Ẹ̀sùn kan ti di orin lẹ́nu àwọn kan láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù. Bí olólùfẹ́ Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa ìrìnàjò ojú òfurufú, bá ti sọ pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ AI, ẹ̀rọ tó ń fara wé ọgbọ́n ènìyàn, nínú sọ́fítíwíà tí òun àti ẹgbẹ́ òun jọ ń kọ, wọn a ní: ìwọ tí o dàgbà sídìí tẹlifíṣọ̀n, tí inú rẹ máa ń dùn bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ òfurufú bá ń dá ọ̀gákọ̀ lóhùn, tí omi bọ́ lójú rẹ nítorí Data, ẹ̀rọ tó rí bí ènìyàn, kí ló wá dé tí o ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí ohun tí o ń retí dé? Wọ́n gbà pé àwọn ti ká a mọ́ ibi tó ti ń fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀. Àwa kò rí ẹnu méjì kankan níbẹ̀. Ẹni tó wo eré yẹn tó sì gbọ́ ohun tó ń sọ ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n dúró ná.

Ní oṣù Kejì ọdún 1989, Star Trek: The Next Generation, ẹ̀ka eré náà tí Data wà, gbé ìtàn kan jáde tí Melinda Snodgrass kọ. Onímọ̀ kan, Maddox, dé sínú ọkọ̀ pé òun fẹ́ tú Data palẹ̀, kí òun lè mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, kí òun sì ṣe púpọ̀ irú rẹ̀. Data kò kórìíra ìwádìí. Ó bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè, ó rí i pé ohun tí Maddox fẹ́ ṣe kò tíì yé Maddox fúnra rẹ̀ tán, ó ní òun kò gbà. Maddox ní ta ní ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹrù? Ó ní ohun ìní ni Data, bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe jẹ́ ohun ìní. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Kí Picard, ọ̀gákọ̀ náà, tó padà síwájú adájọ́ láti gbèjà Data, ó lọ bá Guinan, obìnrin tí Whoopi Goldberg ṣe, ẹni tó rán an létí pé ayé ti mọ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò fẹ́ ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Picard fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ náà: oko ẹrú. Kò sí ẹni tí a óò túmọ̀ ìyẹn fún ní Àgbádárìgì tàbí ní Bàhíà. Adájọ́ dá a pé Data ló ni ara rẹ̀, òun ni yóò yan ohun tó wù ú.

Gbogbo ohun tí ẹjọ́ náà dá lé ni pé kí ẹni tó fẹ́ mú kọ́kọ́ béèrè. Ṣé àwọn ilé iṣẹ́ AI béèrè?

Àwọn olólùfẹ́ eré wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn tó kàn jókòó wòran. Ní ọdún 1967 ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ ìwé ìròyìn nípa Star Trek. Lẹ́tà wọn tó rọ́ dé ọ́fíìsì NBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé eré náà jáde, wà lára ohun tó jẹ́ kí eré náà rí ọdún kẹta. Nígbà tó di ọdún 2007, tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ máa pawó lórí ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ ń kọ lọ́fẹ̀ẹ́ nípa eré tí wọ́n fẹ́ràn, àwọn olólùfẹ́ dá àjọ Organization for Transformative Works sílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ilé tiwọn. Ilé náà ni Archive of Our Own, àká ìtàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní AO3, tó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2009. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ kóòdù rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kò kọ kóòdù rí; ẹnu iṣẹ́ náà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi kóòdù náà síta fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, tó fẹ́ lò ó, tó fẹ́ tún un ṣe. Ó gba ẹ̀bùn Hugo, ẹ̀bùn ńlá fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ní ọdún 2019, ó sì tọ́ sí i.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ilé yìí? Róbọ́ọ̀tì íntánẹ́ẹ̀tì, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá kó ohun tó wà lójú ìwé, ń wọlé, wọ́n ń kó ìtàn lọ sínú àká tí àwọn ilé iṣẹ́ AI fi ń kọ́ ẹ̀rọ wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn alámòójútó AO3 fi àmì sẹ́nu ọ̀nà pé kí róbọ́ọ̀tì Common Crawl, àjọ tó ń kó ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì jọ, má wọlé mọ́. Ní ọdún 2025, ẹnì kan tún gbọ́n ìtàn bíi mílíọ̀nù 12.6 lọ sórí Hugging Face, ìkànnì tí àwọn tó ń ṣe AI ti ń pín irinṣẹ́ àti dátà, àjọ tó ni AO3 sì ní láti fi òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lépa rẹ̀. Síbẹ̀, AO3 kò fòfin de ìtàn tí ènìyàn bá fi AI kọ. Ṣé ìwà ẹni tó kórìíra ẹ̀rọ nìyẹn?

Ẹni tó bá mọ àáró yóò mọ ohun tí GPL, ìwé àṣẹ tó wà lórí ọ̀pọ̀ kóòdù tí a fi síta fún gbogbo ènìyàn, ń sọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá bá ọ roko lónìí, oko tiwọn ń dúró dè ọ́ lọ́la. Oṣù Kejì ọdún 1989 kan náà tí wọ́n ṣe ẹjọ́ Data lórí tẹlifíṣọ̀n ni Richard Stallman, ẹni tó ń jà fún òmìnira sọ́fítíwíà, gbé ìwé náà jáde: lo kóòdù yìí, yí i padà bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n bí o bá pín in fún ẹlòmíràn, òmìnira tí a fún ọ ni kí o fún òun náà. Nígbà tí GitHub Copilot, irinṣẹ́ AI tó ń bá ènìyàn kọ kóòdù, dé ní ọdún 2021, tí wọ́n fi kóòdù tó wà ní gbangba kọ́ ọ, àwọn tó ti roko fún ọdún pípẹ́ rí ẹni tó jẹ nínú àáró tí kò sì gbé ọkọ́. Àwọn kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 2022. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń kọ sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù AI sílẹ̀: Gentoo ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NetBSD tẹ̀lé e ní oṣù Karùn-ún, QEMU ní ọdún 2025. A dúró lẹ́yìn wọn. Àwọn ló ni ilé wọn, àwọn náà ni yóò sì jíhìn bí ó bá wó.

Ọ̀rọ̀ Daniel Stenberg ló dùn wá jù. Ọmọ Sweden ni, òun ló ń darí curl, irinṣẹ́ kékeré tó ń gbé dátà káàkiri nínú fóònù, ọkọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣeé ṣe kó wà nínú ohun tí o fi ń ka ìwé yìí. Láti ọdún 2019, ẹni tó bá rí àlébù tó lè ba ààbò jẹ́ nínú rẹ̀ a máa gba owó. Nígbà tí AI dé, ìwé ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, tó gún régé, tó kún fún ọ̀rọ̀ ńlá, tó sì ń ṣàlàyé àlébù tí kò sí. Ìṣẹ́jú kan péré ni ẹ̀rọ fi ń kọ ọ́. Ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ní ìdílé, tí wọ́n ní iṣẹ́ míràn, ni yóò wá fi wákàtí kà á, nítorí wọn kò lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ láìkà á. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2026, wọ́n dá ẹ̀bùn owó náà dúró. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òótọ́, tó sì máa ń rí owó díẹ̀ níbẹ̀, pàdánù pẹ̀lú wọn.

Ṣùgbọ́n Stenberg yìí kan náà, ní ọdún 2025, gba ọ̀pọ̀ àlébù tòótọ́ lọ́wọ́ olùwádìí kan tó fi irinṣẹ́ AI ṣiṣẹ́. Wọ́n tún wọn ṣe, ó sì yìn ín ní gbangba. Àlébù tó wà lóòótọ́ ni olùwádìí náà gbé wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lásán. Ìyàtọ̀ yẹn la fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí. Fedora, ẹgbẹ́ míràn tó ń kọ sọ́fítíwíà, rí i: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 wọ́n gbà pé kí ènìyàn lo AI, kó sọ pé òun lò ó, kó sì gba ẹ̀bi bí nǹkan bá bàjẹ́. Ìyẹn náà dára lójú wa, níbi tí àwọn onílé bá ti fẹ́ ẹ.

A ní láti bá àwọn olólùfẹ́ náà wí díẹ̀. Èébú tí àwọn kan ń bu fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹnu kan AI kò dára. Ọmọ wa kan lè wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kóòdù rẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já geere, tó sì ní kí ẹ̀rọ bá òun tún lẹ́tà kọ. Ẹ bi í bóyá kóòdù náà yé e. Bó bá yé e, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá la ń bá wí jù. Ẹ sọ kóòdù ẹni tí ẹ fi kọ́ ẹ̀rọ yín. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ìwé àṣẹ tó wà lórí rẹ̀. Bí àwọn alámòójútó bá ní kí ẹ má wọlé, ẹ dúró síta. Ẹ sì san owó fún àwọn tó ń ka ìwé ẹ̀sùn tí ẹ̀rọ yín ń kọ, nítorí agara ti dá wọn.

Nígbà tí Data jàre, kò fi Maddox ṣẹ̀sín. Ó ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, pé nígbà tó bá ti múra tán, òun yóò ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1991, ìtàn míràn jáde nínú eré náà, níbi tí Data ti ń kọ lẹ́tà. Láti àárọ̀ di alẹ́ ló ń ṣàlàyé bí òun ṣe ń ronú àti bí òun ṣe ń gbé láàárín ènìyàn. Maddox ló ń kọ ọ́ sí.