Kí olùkọ́ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, kó béèrè ọ̀rọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fara mọ́ ohun tí ìròyìn yín sọ, pé ó yẹ kí olùkọ́ yunifásítì máa bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìwé. Ṣùgbọ́n ọdún àṣekágbá tí ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ yẹn ti pẹ́ jù.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo lò lábẹ́ level adviser kan, ìyẹn olùkọ́ tó yẹ kó máa tọ́ wa sọ́nà. Ọjọ́ tó bá fẹ́ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì mi nìkan la máa ń ríra. Kò bi mí rí pé kí ni mo fẹ́ fi kẹ́mísírì ṣe. Olùkọ́ mìíràn tí wọ́n rán wá wò mí níbi tí mo ti ń ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ níta, ló là mí lójú. Ó ṣí logbook mi, ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi sí, ó ní, "Nínú gbogbo ohun tí o kọ síbí, èwo ló wù ọ́ láti máa ṣe lójoojúmọ́?" Èmi tí mo ti ń lé iṣẹ́ epo rọ̀bì kiri, àṣé yíyẹ omi wò ló ń dùn mọ́ mi nínú. Ìdí iṣẹ́ yẹn ni mo wà dòní.

Láti 1973 ni SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe IT, ti wà. Àǹfààní ti wà nílẹ̀. Kí olùkọ́ ka logbook náà dáadáa, kó sì fa ọmọ lé ẹni tó ti jáde ní ẹ̀ka wọn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n gbé igba akẹ́kọ̀ọ́ lé lọ́rùn kò lè ráyè fún èyí. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù fún wọn.