Akoto Lórí Gèlè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta akoto oníyẹ́lò tí àwọn akọ́lé máa ń dé yẹn, kó bá mi ra ọ̀kan. Èmi náà fẹ́ jọ ẹni tó ń tún ìlú ṣe.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tún bá wọn pàdé ní pápá ìṣeré Moshood Abíọ́lá l'Ábújá níbí, ìgbìmọ̀ àbẹ̀wò. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Jíìpù mẹ́jọ, ayàwòrán mẹ́ta, bébà gbàràmù kan lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wọn ń nàka sí. Màmá kan we gèlè onípele mẹ́rin, wọ́n ní dandan, kó dé akoto. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Wọ́n yí i, kò wọlé. Ló bá ba sórí gèlè bí adìyẹ tó ń sàba. Wọ́n yan ọmọkùnrin kan tì í: bí màmá bá ti tẹrí báyìí, á ti na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ akoto. Alàgbà ẹ̀gbẹ́ wọn gbé tiẹ̀ lé abetí-ajá, etí fìlà yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí ewúrẹ́ tó ń yọjú. Ó wù mí gan-an! Mo wòkè. Kò sí bíríkìlà, kò sí káfíńtà, kò sẹ́ni tó gun àkàbà. Lékèélékèé méjì ló ń fò kọjá. Àbí ìgbẹ́ lékèélékèé ni wọ́n ń sá fún?

Ẹyọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń kun etí títì ní dúdú àti funfun. Sílípáàsì ló wọ̀. Kò ní akoto.

Bàbá mi wà ní pápá ìṣeré Liberty n'Íbàdàn lóṣù kẹjọ 1963, nígbà tí Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lu Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà títí tí ìyẹn ò fi lè jà mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè owó iléèwé ló máa ń sọ ìtàn yẹn. Kò mẹ́nu ba akoto rí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jàre. Wọ́n kọ́ pápá yìí fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà 2003, ibi tó ń gba nǹkan bí 60,000 èèyàn. Wọ́n lé ìyàwó mi kúrò nídìí àmàlà tó ń tà, pé kí àlejò má rí ìkòkò. Wọ́n ní kó padà wá tí eré bá parí. Eré parí, a ò rí ẹni tó ní kó padà wá. A ò rí ìkòkò náà. Pápá tí wọ́n torí ẹ̀ lé e ńkọ́? Igbó! Super Eagles di ará Úyò. Ẹ ò nítìjú! Glasgow ní Scotland fi ìbò 47 sí 24 gba àǹfààní àtigbàlejò Ìdíje Commonwealth 2014 mọ́ wa lọ́wọ́, Ahmedabad ní Íńdíà gbé ti 2030 lọ, ẹ ṣì ń ya fọ́tò!

Àfi gbì! Akoto màmá já bọ́, ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ ọlọ́dà. Ó bá a mú un, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ìka funfun márùn-ún hàn lára ẹ̀ ketekete.

Màmá ní kí wọ́n bá òun wá òmíràn.