Ẹ̀jẹ̀ funfun lọlẹ̀: ta ló sọ fún yín pé éèdì ni?

Lọ́jọ́ Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Ìsìnkàn níbí ní Àkúrẹ́, àǹtí kan na ìwé àyẹ̀wò ọmọ àbúrò rẹ̀ sókè: "Ẹ̀jẹ̀ funfun ẹ̀ ti lọlẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tó ń fà á." Àwọn tó wà níbẹ̀ bá ń mi orí; éèdì ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo ní kí onídìrí fi irun mi sílẹ̀ ná.

Ní 2019, láàbù kan ka ẹ̀jẹ̀ funfun mi, ìyẹn àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà: 3,200 ni wọ́n kà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tíntìntín. Ìwé wọn ní 4,000 sí 11,000 ló yẹ kó jẹ́, wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò rí oorun sùn. Mo ṣe àyẹ̀wò éèdì, kò sí. Mo mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ìgò mẹ́ta, mo fún ewé ugwu mu títí ó fi sú mi. Asán ni: ẹ̀jẹ̀ pupa ni irin inú wọn wà fún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 3,100. Ara mi sì le koko.

Dókítà tó là mí lójú béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí: èwo nínú oríṣi márùn-ún ẹ̀jẹ̀ funfun ló kéré? Nútúrófílì ni, oríṣi tó máa ń kọ́kọ́ kojú kòkòrò àrùn. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a kò ní àmì kan lára ẹ̀jẹ̀ pupa wa. Duffy ni wọ́n ń pè é, orúkọ aláìsàn tí wọ́n tipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ní 1950. Àìní àmì yìí ló ń dènà irú kòkòrò ibà kan tó ń jẹ́ vivax. Òun náà ló ń mú kí nútúrófílì ọ̀pọ̀ nínú wa kéré. Ara òyìnbó ni wọ́n sì ti wọn 4,000 tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn!

Éèdì lè fà á o, mi ò jiyàn. Ibà lè fà á, táífọ́ọ̀dù, oògùn gẹ̀gẹ̀ míì, oògùn jẹjẹrẹ, mùdùnmúdùn eegun tó ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà gidi fi ń tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń béèrè èsì àtijọ́ àti oògùn tí èèyàn ń lò. Bí nútúrófílì bá kéré sí 500, tí ara tún ń gbóná, ọsíbítù lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù onídìrí.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ àǹtí. Wọn ò tilẹ̀ ya ẹ̀jẹ̀ funfun náà sí oríṣi. Mo ní, "Kí ló ṣe ọmọ náà tí ẹ fi gbé e lọ?"

"Ibà ni."